Ọ̀rọ̀ Tí Gwenda Fi Sí Lyall Lẹ́nu

Gwenda Trethewey ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin kó tó di lọ́yà. Ṣáájú ìgbà náà, òun ni Bev, ìyá olótí inú eré tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ìlú Adelaide ń wò nídìí oúnjẹ alẹ́. Nígbà tí àwọn tó ń kọ eré náà pa Bev nínú rẹ̀ tí wọ́n sì fi ọmọge tí ìdí rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ rọ́pò rẹ̀, Gwenda lọ kàwé òfin. Wíìgì onírun ẹṣin tí wọ́n fi dé e lórí ń yún un gidigidi. Ó máa ń sọ pé, "Mo dà bí àgùntàn tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀ dé ìdajì," á sì rẹ́rìn-ín títí ìtọ̀ á fi fẹ́ bọ́ lára rẹ̀.

Ẹjọ́ Lyall Brandt ló pa ẹ̀rín yẹn. Lyall ló ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Wọ́n ní ó lọ́ Clarrie Noske, ọ̀kan nínú wọn, lápá títí apá fi ṣẹ́, torí pé bàbá náà tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ lọ́yà níbẹ̀ dà bíi takisí tó wà lórí ìlà: ẹni tó bá kàn ọ́ lo máa gbé. Lyall ló kan Gwenda láti gbèjà.

"Mi ò rántí dáadáa, Mà," Lyall wí ní ọ́fíìsì. "Bàbá yẹn ń rùn. Mo fà á lọ́wọ́, ó pariwo."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ bí apẹran báyẹn? Wò ó!" Àìsàn orí ìtàgé bá dìde sí Gwenda. Ó na ọwọ́, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Ó ń já bọ́. Mo sáré gbá a mú, bí èèyàn ṣe ń gbá ọmọ ìkókó mú létí tábìlì." Omijé já bọ́.

Lyall la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ tún un ṣe, Mà."

Ó tún un ṣe. Kò sí lọ́yà tí kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni, pé a kì í fi ọ̀rọ̀ sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Gwenda pè é ní àwàdà.

Ní kóòtù, Clarrie ló kọ́kọ́ jẹ́rìí. Eyín àtọwọ́dá rẹ̀ bọ́ sórí itan, ó só níbi tó ti ń wá a.

"Bàbá, ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀?" Gwenda bi í.

"Bev! Ṣé o ṣì ń ta bíà? Ọjọ́ wo kẹ̀? Ọjọ́ tó ṣẹ́ mi lápá ni!"

Àwọn ará ìlú méjìlá tó máa dá ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gwenda náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Lyall bọ́ sí àpótí ẹlẹ́rìí. Ó na ọwọ́, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Bí èèyàn ṣe ń gbá ọmọ ìkókó mú létí tábìlì." Omijé já bọ́. Obìnrin kan láàárín àwọn méjìlá náà fọn ikun.

Páì ẹran tí Gwenda jẹ ní ọ̀sán gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn rí pátá ara rẹ̀ nídìí ẹlòmíràn, láìfọ̀.

Nígbà náà ni Clarrie yíjú sí nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í, láìmọ̀ pé gbogbo kóòtù ń gbọ́ òun: "Àbí mo já bọ́ ni? Ṣé orí mi ti dàrú ni?"

Gwenda dìde. Ó ní kí wọ́n kó àwọn méjìlá náà jáde.

"Olúwa mi, ọ̀rọ̀ ọmọ ìkókó yẹn, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi kọ́ Lyall."

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?" Lyall kígbe.

"Mò ń bì."

Adájọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyáàfin Trethewey, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín lè bá èyí lọ?"

"Mo mọ̀, Olúwa mi."

Adájọ́ tú ẹjọ́ náà ká: wọn yóò bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, níwájú àwọn méjìlá mìíràn, pẹ̀lú lọ́yà mìíràn. Gwenda ṣí wíìgì, ó lọ bá Clarrie níta.

"Bàbá, orí yín ò dàrú. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ pé ẹ já bọ́ sí Lyall lẹ́nu."

"Ìwọ? Bev mi?" Clarrie wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìgbẹ́ ajá. Ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀sì rẹ̀. "Gbé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yìí, jọ̀ọ́. Ó ń rùn."