Ilé Bíríkì Olójú Méjì

Bí èèyàn bá dúró lókèèrè wo ilé bíríkì tó wà láàárín oko yẹn, á ní ilé ọlọ́lá ni. Kó sún mọ́ ọn ná. Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bí sínú ilé náà tó sì ti darúgbó síbẹ̀, kì í bá ẹni tó bá ń yin ilé ọ̀hún jiyàn. Á kàn yínmú ni.

Bàbá rẹ̀ ti sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un kó tó kú: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló kọ́ ọ, agídí sì ni wọ́n fi pò ó. Inú kòtò kan náà ni wọ́n ti wa amọ̀. Bàbá àgbà Ẹ̀gbọ́n fara balẹ̀ sun bíríkì tirẹ̀ títí ó fi pọ́n bí osùn. Àbúrò bàbá àgbà ò ní sùúrù. Kí iná tó ràn dáadáa ló ti ń kó tirẹ̀ jáde, ó sì funfun bí ojú aláìsàn. Nígbà tí ògiri dé ìbàdí, ìjà dé. Bàbá àgbà fẹ́ kí ilé kọjú sí ọ̀nà, káyé lè rí i. Àbúrò ní oko ló máa kọjú sí, kí òun lè máa ṣọ́ màlúù òun. Dípò kí wọ́n pe àgbà kó bá wọn parí ẹ̀, wọ́n mọ ògiri gbọọrọ sáàárín, láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ilẹ̀kùn àbáwọlé di méjì, àtẹ̀gùn di méjì, ọ̀nà èéfín orí òrùlé di méjì. Wọn ò kí ara wọn títí ilẹ̀ fi gbà wọ́n.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ àbúrò ṣí lọ sígboro. Àwọn ọmọ bàbá àgbà bá dá ògiri àárín lu, wọ́n gbé ìdajì kejì mì káló, wọ́n sì yí ìtàn padà: bàbá àwọn nìkan ló kọ́ ilé. Ọ̀kan nínú ọmọ-ọmọ àbúrò yẹn, ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tó máa ń fi imú rẹ́rìn-ín, wá béèrè ìpín rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló lé e. "Bíríkì wo lẹ ní níbí?"

Wàyí o, ìjọba fẹ́ la títì ńlá gba inú oko. Wọ́n ní ilé á wó, àfi bí ayẹléwò tí àwọn máa rán bá rí nǹkan nínú rẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Ilé tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kú sí!

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Afínjú, ní kó fọkàn balẹ̀. Ó kó òṣìṣẹ́ dé. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn tó kọjú sí oko, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ara ilé, wọ́n kùn ún lọ́dà pupa, wọ́n wá fi rúlà fa ìlà funfun sí i.

"Kí lèyí?" Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Bíríkì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bíríkì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn ò jọ bíríkì mọ́."

Ẹ̀gbọ́n wò ó látòkè délẹ̀. "Orí tí wọ́n fi ń ronú, ìwọ fi ń dé fìlà."

Ayẹléwò dé, obìnrin kúkurú kan tí ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀. Ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí ilé kan fi ní ọ̀nà èéfín méjì?"

Afínjú tètè fèsì. "Òtútù máa ń mú bàbá àgbà wa gan-an, mà."

"Àtẹ̀gùn méjì ńkọ́?"

"Ọ̀kan fún gígòkè, ìkejì fún sísọ̀kalẹ̀. Bàbá yẹn lajú!"

Ẹ̀gbọ́n ṣe bí ẹni tí eṣinṣin kó sí lẹ́nu. Ayẹléwò fìka kan ògiri, ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, irú èyí pọ̀ lọ súà." Ó ti ń pa báàgì rẹ̀ dé.

Bí Ẹ̀gbọ́n bá dákẹ́, katakata ń bọ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ìdajì ilé di ti afimú-rẹ́rìn-ín. Ó wo Afínjú, tó bẹ̀rẹ̀ tó ń fi áńkáṣíìfù nu bàtà ara rẹ̀. Ìríra gbé e dìde. Ó mú òòlù tí àwọn òṣìṣẹ́ gbàgbé, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síhà oko. Wọ́n tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ nu ojú ilé."

Ó gbá a. Sìmẹ́ǹtì já lulẹ̀ gbàgà. Ibi tí bíríkì pupa àti bíríkì funfun ti pàdé yọ síta: ẹyọ kan ò wọnú èkejì, wọ́n kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí orogún tó ń ya fọ́tò.

"Òmùgọ̀ méjì ló kọ́ ọ, mà," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ọ̀kan fẹ́ káyé rí òun, èkejì fẹ́ máa wo màlúù. Ilẹ̀kùn tiẹ̀ nìyí. Òmùgọ̀ kẹta yìí ló dí i."

Ayẹléwò gbé báàgì sílẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé náà, láti ìsàlẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. "Látọjọ́ tí mo ti ń yẹ ilé wò, n ò rí ilé tó bá ara ẹ̀ jà báyìí rí. Títì á yà fún un. Ta ló ni ìdajì kejì?"

Afínjú ń ṣẹ́jú sí Ẹ̀gbọ́n bí ẹni tí iyanrìn bọ́ sí lójú.

"Ẹ lọ sígboro," Ẹ̀gbọ́n dáhùn, "ẹ béèrè ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe, tó ń fi imú rẹ́rìn-ín. Ẹ ò lè ṣì í mọ̀."

Bí ayẹléwò ṣe yí ẹ̀yìn báyìí, Afínjú figbe ta. "Ẹ ti fi ìdajì ilé bàbá wa tọrẹ!"

"Ìdajì ilé sàn ju odidi títì lọ. Gba òòlù."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ kọ́ lo dí i? Àbí o fẹ́ kó wá bá ilẹ̀kùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó tún rí wa fi rẹ́rìn-ín?"

Afínjú ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbé òòlù sókè gan-an, ó sì kọ́kọ́ fi gbá ìka ara rẹ̀.