Pèrègún Lórí Òkè Wa

Akọ̀wé káńsù wá sí abúlé wa nítòsí Ẹgbẹ́dá, ó ní kí a gba ilẹ̀ kan létí odò dípò òkè wa. Òkè yìí ni tèwetàgbà máa ń gùn lọ́jọ́ kejì ọdún Àjíǹde.

Ó ní, “Ìlọsíwájú ni, Màmá. A ò tíì pinnu nǹkan kan.”

Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò ro ọ̀nà òkè mọ́, tí ẹ sì ní kí àwa náà má ro ó?”

“Ejò pọ̀ níbẹ̀.”

“Ejò ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ.”

Lọ́jọ́ kejì, mo mú àdá, mo la igbó gòkè. Wọ́n ti gbin pèrègún pààlà káàkiri, ó ti rúwé. Wọ́n ti pín òkè náà kí wọ́n tó wá bi wá.

Nígbà tí akọ̀wé wá gba ìtẹ̀ka gbogbo abúlé sórí ìwé àdéhùn, mo ju pèrègún kan síwájú rẹ̀. “Ta ló gbin èyí?”

Ojú Baálẹ̀ wa, Fádèyí, ni akọ̀wé ń wò, Baálẹ̀ sì ń wo ilẹ̀.

“Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú àdá,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ fa ìyókù tu.”

N kò dúró gbàṣẹ Baálẹ̀.