Àbùkù Ilé Ìyá Ọkọ Mi

Ajẹ́ńtì tó ń bá wa ta ilé ìyá ọkọ mi ní ohun mẹ́ta ló ń já owó ilé náà wálẹ̀: ariwo, omi, àti ẹnu Màmá. Ó ní òun lè rí ọgbọ́n ta sí méjì àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà kò parọ́. Láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn olùrà wá, Màmá ti dá gbogbo wọn padà láìpariwo, láìbú ẹnikẹ́ni, láìpa irọ́ kankan. Mo ti rí ọlọ́gbọ́n láyé mi, àmọ́ n kò rí irú tiwọn rí.

Ọkọ mi nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí, lẹ́yìn tí ojú wọn ti rí màbo. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ọkọ mi wò ó pé àtẹ̀gùn ilé náà ti ga ju orúnkún Màmá lọ. Ó ní ká ta ilé, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ìfẹ́ ló ń ṣe é, ọmọ dáadáa ni, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ìwé ilé. Màmá ní, “Ó dáa.” Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo rí ojú wọn, mo sì mọ̀ pé wọn kò fẹ́ lọ rárá.

Mo bá wọn sọ ọ́ ní kíṣìnnì. “Màmá, ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ẹ sọ fún un.”

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n dá mi lóhùn, “ẹnu mi ò lè sọ ọ́ fún un. Mo tọrọ ọmọ yẹn jù.”

Ìyẹn ni wọ́n fi gba ọ̀nà mìíràn. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn léèrè tí onítọ̀hún ò ní mọ̀ pé wọ́n ń yẹ òun wò.

Tọkọtaya kan ló kọ́kọ́ wá, wọ́n gbé ọmọ ọwọ́ dání. Ajẹ́ńtì ń fi fèrèsé ńlá yàrá òkè yangàn. Màmá gba ọmọ náà, wọ́n rọra ń jó o.

“Ṣé ó ń sùn dáadáa?”

“Màmá, ìró díẹ̀ ló ń jí i o,” ni ìyá ọmọ wí.

“Pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.” Wọ́n ṣí i. Ilé ìlagi tó wà lẹ́yìn ọgbà ń han bí ẹni tí eyín ń ro. Ọmọ náà figbe ta. “Àràárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀,” ni Màmá sọ, “àmọ́ wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú.”

Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan gbé mọ́tò tuntun dé. Màmá yin mọ́tò náà títí inú ọkùnrin yìí fi dùn. Wọ́n wá fọwọ́ kan ilà aláwọ̀ ilẹ̀ kan lára ògiri ẹnu géètì. “Ibí ni omi gọ́tà dé nígbà òjò tó kọjá. Ẹ má da ara yín láàmú, ó máa ń fà tó bá di ọjọ́ kejì.” Ọkùnrin náà wo ilà, ó wo táyà, ó ní òun ní ìpàdé kan tí òun ti gbàgbé. Obìnrin kan tún wá tó ń bẹ̀rù ajá. Màmá fi tìfẹ́tìfẹ́ mú un lọ kí aládùúgbò wọn. Ajá aládùúgbò náà pọ̀ ju àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Báyìí ni owó ilé ń wálẹ̀ ṣáá. Ajẹ́ńtì bẹ ọkọ mi, ọkọ mi bẹ̀ mí, pé tí olùrà mìíràn bá ń bọ̀, kí n mú Màmá jáde lọ ra aṣọ. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, Màmá wá bàtà wọn kan títí, wọn ò rí i. Abẹ́ àga tí mo jókòó lé ló wà, èmi ni mo sì jù ú síbẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Inú mi ì bá dùn kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, àmọ́ n kò fẹ́ ká kó wọn bí ẹrù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ẹni tó wá lọ́jọ́ náà. Ó ní àga àti bẹ́ẹ̀dì ni òun ń kàn. Màmá wojú mi. Síbẹ̀, wọ́n ṣí fèrèsé. Ọkùnrin náà gbọ́ ilé ìlagi, ẹ̀rín bò ó lójú.

“Ẹ̀yìnkùlé mi ni màá ti máa ra pákó!”

Wọ́n fi ilà omi hàn án, ó ní òun á mọ ẹnu géètì ga. Mọ́tò ńkọ́? Kò ní. Àwọn ajá ń lá a lọ́wọ́. Wọ́n mú un lọ síbi ògiri ìsàlẹ̀ tó ń làágùn, ó fi ìka kàn án, ó ní páìpù ló ń jò níbẹ̀. Ó dárúkọ owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ajẹ́ńtì fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi, tó ti ibi iṣẹ́ dé bá wa, na ọwọ́ láti bọ ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Màmá jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Ó ku àbùkù kan tí mi ò tíì fi hàn yín.”

“Ẹ sọ ọ́, Màmá,” ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí.

“Èmi ni.”

Wọ́n fọwọ́ gbá àtẹ̀gùn tí wọ́n jókòó lé.

“Ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀ tí kò sì fẹ́ jáde, owó rẹ̀ kì í pé. Ẹ bi ajẹ́ńtì.”

Ajẹ́ńtì wolẹ̀. “Òótọ́ ni,” ló wí. “Kò sóhun tó ń já owó ilé wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.”

Ọwọ́ ọkọ mi ṣì wà lókè. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. “Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“O ò bi mí. O bi ajẹ́ńtì, o bi ìyàwó rẹ, o bi dókítà ní ti orúnkún. Èmi ni mo ni orúnkún.”

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Ọkọ mi kúnlẹ̀ síwájú wọn. “Mo ń bi yín báyìí. Ṣé ẹ fẹ́ kúrò nílé yìí?”

Màmá wò ó títí. Obìnrin tó ti sọ ọ̀rọ̀ líle fún àìmọye ìdílé nílé ìwòsàn, wọ́n kọ́kọ́ di ọwọ́ ọmọ wọn mú.

“Mi ò fẹ́, ọmọ mi.”

Mo nífẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọkọ mi nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó yíjú sí gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó wá béèrè bóyá ó lè bá wa kan igi ìdìmú sí àtẹ̀gùn náà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì.