Rìmóòtù Inú Àpò Káfíńtà

Ahun paraku ni káfíńtà yìí. Nígbà ooru, tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, àpò ló ń fi rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù sí. Ìyá rẹ̀ a ní, "Ọmọ mi, ooru yìí á pa mí o." Òun a ní, "Màámi, owó iná ló ń pààyàn. Ẹ ṣí fèrèsé."

Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá òkú ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ̀bẹ̀ páálí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, òkú ò sì gbọdọ̀ rùn kí wọ́n tó dé. Ló bá ti fèrèsé, ó tẹ rìmóòtù, yàrá tutù nini. Atẹ́gùn náà tu òun alára lára.

Ìyàwó rẹ̀ wo òkú, ó wo ẹ̀rọ, ó wá kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀: "Ẹ kú ìnáwó o."