Àìsàn Ọjọ́rú

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ìyápọ̀, kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹfà, ó sọ ọmọ mẹ́rìnlá di aláìsàn láì dìde lórí àga rẹ̀. Èmi ni mo bá a kọ orúkọ wọn. Abíọ́nà ni mí, olùkọ́ ìṣirò, ọdún kọkànlá mi rèé nílé ẹ̀kọ́ girama kékeré tó wà nílùú wa, lójú ọ̀nà Ìpàpó.

Ìdánwò àpapọ̀ ló fà á. Lọ́dọọdún, gbogbo ọmọ JSS 2 ní ẹkùn wa máa ń ṣe ìdánwò kan náà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n á ro máàkì gbogbo àwọn tó jókòó ṣe é pọ̀, wọ́n á fi iye orí wọn pín in, wọ́n á wá lẹ ipò ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Lọ́dún tó kọjá, àwa la gbẹ̀yìn. Ilé-ìwé ìlú Ìlua ló ṣe ipò kìn-ín-ní, láti ìgbà náà sì ni ọ̀gá ilé-ìwé wọn ti ń kí ọ̀gá wa bí ẹni tó ń bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn.

"Abíọ́nà," ọ̀gá ní, "ẹni tí kò bá jókòó, wọn ò ní kà á mọ́ wa. Àwọn wo ló ń fà wá sẹ́yìn?"

Mo ṣí ìwé máàkì sáà kìn-ín-ní. Mò ń pè, ọ̀gá ń mi orí. Nígbà tí mo dé orí Ramlah, mo dúró díẹ̀. Mẹ́tàlélógún péré ló gbà nínú ìṣirò, torí àsìkò ìkórè iṣu ni, oko bàbá rẹ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì ni ọmọ yìí ti ń wá bá mi nígbà ìsinmi, tòun ti ìwé ìṣirò tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, táá ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìdá yìí ṣàlàyé fún mi." Ó ti mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ìgbéga mi lẹ́nu iṣẹ́ wà lórí tábìlì ọ̀gá, kò tíì buwọ́ lù ú. Mo pe orúkọ Ramlah, mo sì kọjá sí ti ẹlòmíì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a fi lẹ́tà rán àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sí òbí wọn pé a ṣàkíyèsí pé ara wọn kò yá, kí wọ́n sinmi nílé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ ìdánwò gan-an. Ọ̀gá kò dárúkọ àìsàn kankan. Ó ní irọ́ pípa kò dára.

Ramlah kò lọ sílé. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi.

"Sà, n ò ṣàìsàn o."

"Ọ̀gá ní ara ẹ ò yá."

"Bàbá mi ti ní bí n ò bá gba ogójì nínú ìdánwò yìí, àwọn á yọ mí nílé-ìwé, àwọn á mú mi lọ bá àǹtí mi n'Ísẹ́yìn, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ òkè híhun. Bí n ò bá wá jókòó rárá ńkọ́, sà? Òdo nìyẹn."

Kí ni mo sọ? Mo ní kó lọ mu omi púpọ̀, kó sì sùn dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ojo ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun tí ọ̀gá gbàgbé ni irú ìlú tá à ń gbé. Nígbà tí wọ́n fi kírun Màgàríbì tán, lèmọ́mù ti ṣàdúà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé tí àìsàn kọlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí sì gbé e dé gbogbo àdúgbò. Ọmọ mẹ́rìnlá, kíláàsì kan, lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ìyá wo ló máa gbọ́ èyí táá rán ọmọ tiẹ̀ lọ síbẹ̀?

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, nínú àwọn mẹ́rìndínláàádọ́ta tí ọ̀gá gbójú lé, ẹyọ kan ò yọjú. Gbogbo wọn wà nílé tí wọ́n ń fi àgbo ra wọ́n lára, ara wọn sì le koko.

Àwọn aláìsàn wa ló dé. Òbí wọn ló kó wọn wá. Ràsáàkì, bàbá Ramlah, gbé e wá lórí ọ̀kadà, ó fi aṣọ òtútù wé e nínú ooru bí ẹni wé mọ́ín-mọ́ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ó ní. "A rí lẹ́tà yín gbà, a dúpẹ́. Èmi àti ìyá ẹ̀ ti wo ọmọ yìí látorí dé ẹsẹ̀, a ò rí àìsàn náà. Ó jẹ ọkà, ó tún bù sí i. Ẹ̀yin alákọ̀wé lẹ kúkú rí i. Ẹ dákun, ẹ fi hàn wá, ká lè mọ ibi tá a máa tọ́jú."

Àwọn òbí yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà fẹ́ rí tiwọn.

Ìyáàfin Yétúndé, ẹni tí wọ́n rán láti Ìbàdàn láti wá mójú tó ìdánwò, jókòó ti àpótí ìwé ìbéèrè látàárọ̀, kò rí ọmọ kankan pín in fún. Ó dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn Ramlah.

"Ọmọ yìí ń làágùn ni. Ẹ ṣí aṣọ yẹn lára ẹ̀. Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Ramlah wo ọ̀gá. Ó wo èmi. Mo wo ilẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, mà. Ìdánwò ni mo fẹ́ ṣe."

"Ó yá, lọ jókòó."

Ó lọ jókòó, àwọn mẹ́tàlá yòókù sì tẹ̀ lé e. Orí wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ̀gá lóòótọ́, ó lọ dùbúlẹ̀ ní ọ́fíìsì.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n pín máàkì wa tán, méjìlélọ́gbọ̀n ló kan orí kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó di mẹ́rìndínlógójì. Ipò kejì láti ìsàlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀wé kí ọ̀gá kú oríire, wọ́n ní kó wá sí Ìsẹ́yìn wá ṣàlàyé fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé yòókù bó ṣe rí i ṣe. Ó wọ agbádá, ó lọ. Ó fi odindi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe yẹ kí olórí ilé-ìwé máa ṣọ́ ìlera àwọn ọmọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú rẹ̀ dùn débi pé ọjọ́ kejì ló buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mi.

Ramlah gba méjìdínláàádọ́ta. Ràsáàkì gbé e wá sílé mi lórí ọ̀kadà, tòun ti iṣu ńlá mẹ́ta.

"Tíṣà, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i pé ara ọmọ mi ò yá. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ríjà ọmọ. Kò lọ Ìsẹ́yìn mọ́, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà."

Mo gba iṣu náà. Ojú ń tì mí, mo ṣáà gbà á. Bó ṣe lọ ń ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, Ramlah dúró lẹ́yìn. Mo rò pé òun náà fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Sà," ó rọra bi mí, "lọ́dún tó ń bọ̀, tá a bá fẹ́ ṣe ìdánwò JSS 3, ṣé ara mi máa yá?"