Sípánà Idẹ Ọ̀gá Gbọ́lágadé

Kò sí ẹni tó ń gun alùpùpù ní Àgbójú tí kò mọ sípánà idẹ Ọ̀gá Gbọ́lágadé. Kì í ṣe sípánà tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tù. Kíhọ́dà ni, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ kọ́kọ́rọ́, tí ọkùnrin náà ní kí alágbẹ̀dẹ kan rọ fún òun ní àwòrán sípánà. Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, wọ́n sì fín orúkọ rẹ̀ sí i lára pẹ̀lú oyè rẹ̀: ALÁGA. Alága kí ni? Alága ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà ní òpópónà mẹ́ta péré, ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ kò kún bẹ́ǹṣì méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí Gbọ́lágadé ṣe ń pe oyè náà, ẹ ó rò pé ìjọba àpapọ̀ ló fi í jẹ.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé alùpùpù wá fún àtúnṣe gbọ́dọ̀ gba sípánà idẹ kan. Gbọ́lágadé fúnra rẹ̀ ni yóò fi í kọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọmọge lọ́rùn. Òfin sì tẹ̀ lé e: ẹni tó bá yọ ọ́ kò gbọdọ̀ gbé alùpùpù rẹ̀ wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù òun mọ́. Nígbà tí oníbàárà bá padà wá, ohun àkọ́kọ́ tí Alága máa ń ṣe ni pé kí ó tú sípánà náà kúrò lára kọ́kọ́rọ́, kí ó fi áńkáṣífù pupa nù ún títí yóò fi máa kọ mànà, kí ó sì tò ó sórí tábìlì kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn tó ń kọjá lọ lè rí iye ènìyàn tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bojú wo alùpùpù.

Azeezat wà lára àwọn tó gba sípánà yìí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń bá Alhaji Mùsúdù, oníṣòwò mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní ọjà Àgbójú, fi alùpùpù gbé ọjà lọ sí àwọn ìsọ̀ kéékèèké ní Fẹ́sítáàkì, Sátẹ́láìtì àti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Kò ṣubú rí, bẹ́ẹ̀ ni páálí kan kò já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ rí. Àmọ́ láti oṣù méjì ni alùpùpù náà ti ń kú mọ́ ọn nídìí. Yóò máa sáré lọ geere, ẹ́ńjìnì yóò sì dákẹ́ lójijì, gbogbo rẹ̀ yóò di òkú irin. Ní ọjọ́ kan, ó kú ní Mazamaza níwájú tírélà tó ru kọnténà. Díẹ̀ báyìí ló kù kí táyà rẹ̀ gun ọmọbìnrin náà mọ́lẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gbé alùpùpù náà lọ sọ́dọ̀ Gbọ́lágadé. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ní púlọ́ọ̀gì ni, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ìgbà kejì, ó ní kọ́ìlì ni. Ní ìgbà kẹta, ó gbé bátìrì sọnù, ó bú àwọn tó ṣe é àti ìlú tí wọ́n ti ṣe é. Ní gbogbo ìgbà, yóò gbé alùpùpù dúró lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ méjì, yóò tan án, yóò jẹ́ kí ó máa ké fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sì ní wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà kẹrin tí kò rí ohun tí yóò tún pààrọ̀ mọ́, ó rí Azeezat.

“Alhaji, ẹ gbọ́ mi,” ó wí, ó ká apá sórí ikùn. “Máṣìnì yìí, nǹkan kan ò ṣe é. Ẹni tó ń gùn ún ló níṣòro. Àwọn obìnrin máa ń di kílọ́ọ̀ṣì mú bí ẹni di ọmọ mú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.”

“Bọ̀dá Alága,” Azeezat dáhùn, “tí mo bá di kílọ́ọ̀ṣì mú, ẹ́ńjìnì á kàn máa pariwo ni, kò ní kú. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì ti kú, họ́ọ̀nù kì í dún, iná bíréèkì kì í tàn. Ṣé púlọ́ọ̀gì ló ń gbé iná fún họ́ọ̀nù ni? Ṣé ẹ ti yẹ ìdí kọ́kọ́rọ́ wò?”

“Ẹ gbọ́ o!” Gbọ́lágadé bú sẹ́rìn-ín. “Kọ́kọ́rọ́ ló wá ń mú máṣìnì rìn báyìí! Ìyàwó tèmi náà ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kó wá máa gùn ún lọ Bàdágírì.”

Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù lọ ni Ọbáfẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Alhaji, tó ń to páálí ní ìsọ̀ tó sì ti ń fojú sí alùpùpù náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti ra akoto kalẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń dé e sórí láàárín ìsọ̀, bí ẹni pé ṣúgà fẹ́ sáré kọlù ú.

Alhaji Mùsúdù kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àwọn tó bá ní oyè. Kò lè gbà pé ẹni tí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sára idẹ kò mọ ohun tó ń sọ. “Azeezat, ó ti tó,” ó ní. “Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, a máa jọ gbé e wá síbí kí Alága wò ó nígbà ìkẹyìn. Tí kò bá rí nǹkan kan, kó o kó kọ́kọ́rọ́ fún Ọbáfẹ́mi. Ìwọ á wá dúró sí ìsọ̀, wàá máa to páálí.”

“Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì mi wà nílẹ̀, sà,” Ọbáfẹ́mi ní.

Kì í ṣe páálí ni Azeezat ń bẹ̀rù. Orí alùpùpù yẹn ni ibi kan ṣoṣo ní Èkó tí ẹnikẹ́ni kì í ti sọ ibi tí yóò yà sí fún un. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n gùn, wọn kò ní fún un ní òmíràn mọ́ láéláé, bẹ̀rẹ̀ láti Àgbójú títí dé Máìlì Méjì.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ náà, alùpùpù náà tún kú. Ọ̀nà Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ni, ní ibi tí gálọ́ọ̀pù, àwọn kòtò ojú ọ̀nà, ti pọ̀ ju ọ̀dà lọ. Azeezat kò bínú. Ó yí jíà sí niútírà kí ó lè tì í lọ sábẹ́ òjìji, iná kékeré aláwọ̀ ewé tó yẹ kí ó tàn lójú alùpùpù ní niútírà kò sì tàn. Bí ó ti ń tì í lọ, sípánà idẹ ń gbá a lórúnkún, ó sì gbé e sókè sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ó lè ráyè rìn. Iná náà tàn.

Ó dúró. Ó jọ̀wọ́ sípánà náà, ó sì mi ọwọ́ alùpùpù díẹ̀. Iná kú. Ó tún gbé e sókè, iná tún tàn.

Ní gbogbo ìgbà tí alùpùpù ti ń kú, Azeezat máa ń pa kọ́kọ́rọ́ kí ó tó tún un tàn ni. Yíyí tí ó ń yí kọ́kọ́rọ́ yìí ló ń jẹ́ kí alùpùpù jí, tí kò sì jẹ́ kí ó mọ ohun tó ń pa á. Azeezat rántí wọ́kíṣọ́ọ̀bù, ó rántí áńkáṣífù pupa, ó rántí tábìlì. Ó jókòó sórí páálí mílíìkì kan, ó sì rẹ́rìn-ín títí ìyá oníbúrẹ́dì kan fi bi í bóyá oòrùn ti mú un. Ó lè tú sípánà náà jù sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti rú òfin Alága, Alhaji yóò sì sọ pé Azeezat fúnra rẹ̀ ló ba alùpùpù jẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí i.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, alùpùpù méje mìíràn ló ti wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà, tí àwọn tó ń gùn wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de kọ́ìlì tuntun. Gbọ́lágadé tú sípánà Azeezat, ó nù ún, ó tò ó ti àwọn méje yòókù. Ó gbé alùpùpù dúró, ó tan án. Ẹ́ńjìnì ń ké geere.

“Ṣé ẹ gbọ́?” ó bi Alhaji. “Orin ló ń kọ.”

“Orin ló ń kọ lóòótọ́,” Azeezat ní. “Bọ̀dá Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á. Ẹ bá mi fi sípánà yín kọ́ ọ padà.”

Inú Gbọ́lágadé dùn. “Ẹ ò rí i? Ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ilé.” Ó fi í kọ́ ọ bí ẹni ń dé ọba ládé.

Azeezat yíjú sí Ọbáfẹ́mi, tó ti dé akoto. “Ó yá, gùn ún. Lọ dé ìsọ̀ onígáàsì yẹn kó o padà. Má yẹ gálọ́ọ̀pù kankan o. Ọkùnrin ṣáà ni ẹ́.”

Ọbáfẹ́mi gbéra pẹ̀lú ariwo. Gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ó fò ó. Ìkejì, ó fò ó. Ní ìkẹta, alùpùpù dákẹ́. Wọ́n ń wò ó bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ ta kíìkì bí ẹni ń pa ejò, tó ń tẹ họ́ọ̀nù tí kò dún. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó tì í padà wá, òógùn ń ṣàn láti inú akoto.

“Ó di kílọ́ọ̀ṣì mú ni,” Gbọ́lágadé ní.

“Àbí òun náà ti di obìnrin ni, Bọ̀dá Alága?”

Àwọn orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Azeezat yí jíà sí niútírà. Ó fi ìka kan péré gbé sípánà idẹ sókè: iná aláwọ̀ ewé tàn. Ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó mi ọwọ́ alùpùpù: iná kú. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, títí Alhaji fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Lẹ́yìn náà ó tú sípánà náà kúrò, ó fún Ọbáfẹ́mi ní kọ́kọ́rọ́ lásán.

“Gálọ́ọ̀pù kan náà,” ó ní.

Ọbáfẹ́mi lọ, ó sì padà, alùpùpù kò dákẹ́.

“Irin yìí ló ń fa súìṣì kọ́kọ́rọ́ wálẹ̀,” Azeezat ní. “Inú rẹ̀ ti jẹ. Tá a bá ti wọ gálọ́ọ̀pù, irin á fò sókè, á já wálẹ̀, iná á gé. Níbí, kì í kú láéláé, nítorí pé ohun tó ń pa á, orí tábìlì yẹn ló máa ń wà.”

Gbogbo ojú lọ sórí tábìlì. Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sára àwọn alùpùpù méje tó dúró.

Gbọ́lágadé tún áńkáṣífù rẹ̀ ká. “Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí mo ti fura. Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá ó máa rí i fúnra ẹ̀ ni.”

“Alága máa ń dán ènìyàn wò,” Alhaji ní, ṣùgbọ́n kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin àgbà kan lórí bẹ́ǹṣì, Àyàntúndé, dìde. “Alága, kọ́ìlì ẹlẹ́ẹ̀kẹta lẹ fẹ́ fi sí tèmi lónìí. Ẹ má wulẹ̀ dán mi wò mọ́.” Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lásán, ó fi sípánà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn máa ń yára ní Àgbójú. Kí ó tó di ọ̀sán, àwọn tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ ti ń wá dá idẹ padà, débi pé kò sí àyè mọ́ lórí tábìlì. Ẹni tó bá kọjá lọ́jọ́ náà yóò rò pé oníbàárà Ọ̀gá Gbọ́lágadé ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Alhaji kò bẹ Azeezat. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́ nìkan. “Máa gbé e lọ. Máṣìnì ẹ ni. Àwọn ará Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ti ń retí mílíìkì.”

“Ẹ ṣé, sà.” Ó wo Ọbáfẹ́mi. “Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì yẹn yẹ ẹ́. Máa dé e to páálí, kí ọ̀kan má baà já lu ẹ́ lórí.”

“Gbé e wá lọ́la,” Gbọ́lágadé ké sí i, “kí n pààrọ̀ súìṣì yẹn fún ẹ.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀dá Alága. Mo ti yọ sípánà yín. Òfin yín ò gbà mí láyè mọ́.”

Ríwáyà kan, ẹni tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe, ní Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá ló pààrọ̀ súìṣì náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, láàárín ìgbà tí Azeezat fi jẹ búrẹ́dì kan tán. Ó fi okùn dúdú tín-ín-rín so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń padà bọ̀, kò yẹ gálọ́ọ̀pù kankan. Bí ó bá ti wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ họ́ọ̀nù, họ́ọ̀nù yóò sì dún.