Irun Ẹsẹ̀ Lateefah

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, Lateefah ti iléèwé dé, ó ju àpò ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò sáré mọ́. Saidat, ìyá rẹ̀, wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ lójúde ilé wọn ní Mushin. Níkà aláwọ̀ ìyeyè ló ń rán, èyí tí àwọn ọmọbìnrin Yẹ́lò Háòsì máa wọ̀ níbi ìdíje eré sísá iléèwé wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"O ò sáré mọ́ báwo? Ìwọ tó jẹ́ pé eruku ẹ nìkan ni wọ́n máa ń rí?"

"Màámi, ẹ ṣáà bá mi rán tèmi kó gùn dé kókósẹ̀. Tí ò bá lè gùn, mi ò sá."

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tú síta. Lateefah ti pé ọmọ ọdún méjìlá, irun sì ti bo ojúgun rẹ̀ méjèèjì. Ó dú, ó sì kún bíi ti àgbà ọkùnrin. Níbi tí wọ́n ti ń gbára dì fún ìdíje ni Jennifer Ọlápàdé, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti na ìka sí i, tó ní kí gbogbo ayé wá wo ìnàkí tó ń sáré. Ó parí, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Ìnàkí nídìí ẹ̀rọ omi, Ìnàkí bí tíṣà bá ti kẹ̀yìn. Nínú ooru Èkó, Lateefah ń wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń fà dé orúnkún.

Inú bí Saidat débi pé abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gún un.

"Wo ojú mi," ó wí. "Kò sí nǹkan tó ṣe ẹsẹ̀ ẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ nìyẹn. Kí ló kàn ẹ́ pẹ̀lú ẹnu wọn?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀ lóòótọ́, ó sì wò ó pẹ́.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màámi? Bí Ọlọ́run ṣe dá yín kọ́ nìyẹn? Kí ló dé tí ẹ ń fá tiyín?"

Saidat sáré fi ọwọ́ bo àgbọ̀n.

Irùngbọ̀n ni Saidat ní. Kì í ṣe irun kan ṣoṣo tí èèyàn ń fi èékánná fà tu o. Irùngbọ̀n gidi ni, ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fá a, ní ìrọ̀lẹ́ tí yìgì rẹ̀ ku ọ̀la, ó ní ọkọ kankan kò gbọdọ̀ rí i. Láti ìgbà náà, kí àwọn ará ilé tó jí, Saidat á ti mú ọṣẹ àti rézọ̀ wọ bálùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Á fá a tán, á fi ìpara pa á, á jáde bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé ń du bálùwẹ̀ kan ṣoṣo, ó rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀!

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohun tí wọ́n ṣe fún un lòun náà ṣe fún ọmọ. Kò tíì ráyè fọwọ́ kan àgbọ̀n tirẹ̀ tó fi mú Lateefah wọ bálùwẹ̀. Ó ní kó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó fi ọṣẹ pa ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fá a. Ẹsẹ̀ náà ń dán. Lateefah fọwọ́ pa á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màámi, ṣé ó ti tán nìyẹn?"

"Á tún hù."

"Ká tún fá a?"

"Ká tún fá a."

"Tí mo bá wá lọ́kọ ńkọ́?"

"Wàá máa jí ṣáájú ẹ̀."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ. Àánú ọmọ náà ṣe é, àánú ara rẹ̀ náà sì ṣe é, lẹ́yìn náà ni ìbínú dé. Gbogbo òwúrọ̀ tó ti ń sá pamọ́ nínú ilé ara rẹ̀ bí olè! Ó dìde, ó ju rézọ̀ sínú ṣáláńgá.

"Màámi, ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

"Fi sílẹ̀. Èmi náà ò fá mọ́."

"Ẹ ti fá ọ̀kan! Báwo ni mo ṣe fẹ́ rìn báyìí?" Ẹkún gba ẹnu Lateefah kan. Wọ́n ti pè é ní ìnàkí, ìyá rẹ̀ ti wá sọ ọ́ di ìnàkí aláàbọ̀. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó lọ sí iléèwé láìkí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, irùngbọ̀n Saidat ti yọ dáadáa. Ó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, Yẹ̀kínnì, tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yẹ̀kínnì jẹun dé ìdajì, ó gbójú sókè.

"Ìyá Lateefah, o ò mà fá a."

Saidat yíjú sí i. "Ẹ mọ̀?"

"Ta ni ò mọ̀? Ṣé ilẹ̀kùn wà ní bálùwẹ̀ yẹn ni? Páànù jíjẹrà lásán."

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti fẹ́ mi, ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Mo rò pé o ò fẹ́ kí n mọ̀ ni." Ó bu òkèlè míì. "Kò kúkú burú. Ó jọ ti bàbá mi."

Saidat ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun da ọbẹ̀ lé e lórí. Lórí ẹní, Lateefah fi ojú pamọ́ sínú ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń mì í léjìká.

Síbẹ̀, nígbà tí Sátidé dé, kò tíì sọ pé òun máa sá. Ó wọ níkà, ó ró ìró ìyá rẹ̀ lé e, ó sì jókòó sábẹ́ kánópì àwọn òbí. Saidat jókòó tì í, ó wé gèlè, àgbọ̀n rẹ̀ wà níta gbangba. Àwọn èèyàn ń wò, wọ́n ń gbójú kúrò, wọ́n tún ń wò. Ìyá Jennifer ni kò lè mú un mọ́ra.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Lateefah. Kí ló wà lágbọ̀n yín yẹn?"

"Irùngbọ̀n ni."

"Hàà! Lára obìnrin?"

"Lára èmi. Mo ti fi pamọ́ títí, ó ti sú mi. Tó bá ń dùn yín lójú, pápá yìí fẹ̀, ẹ wo ibòmíì."

Ìyá Jennifer yíjú. Ẹsẹ̀ Saidat ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, ojú ń tì í gan-an, àmọ́ kò gbé ọwọ́ bo àgbọ̀n. Lateefah rí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn. Ó rí ọwọ́ tí kò kúrò lórí itan.

Wọ́n pe àwọn ọmọbìnrin sójú ìlà. Lateefah tú ìró, ó ká a lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì, ó jáde. Ẹsẹ̀ kan kún fún irun, ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú ṣákáṣàka. Ẹ̀rín bẹ́ ní gbogbo pápá.

"Ẹ wá wò ó o!" Jennifer pariwo lójú ìlà tirẹ̀. "Ẹsẹ̀ kan ti dé Èkó, ẹsẹ̀ kan ṣì wà nínú igbó!"

Tíṣà tó mú fèrè dání bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Lateefah ò dúró dè é. Ó jáde kúrò lójú ìlà, ó dúró síwájú gbogbo wọn, ó na ẹsẹ̀ òsì jáde, lẹ́yìn náà ó na ọ̀tún.

"Irun mi ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí. "Ẹ yáa wò ó dáadáa báyìí, torí tí fèrè bá ti dún, ẹ ò ní lè rí i mọ́."

Ó padà sáyè rẹ̀, ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀. Fèrè ò tíì dún rárá tí ìyá onírùngbọ̀n kan ti gun orí àga, tó ń fi gbogbo agbára ké orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ ní iléèwé: "Ìnàkí! Ìnàkí!"